Kẹ́tù Tí A Kò Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Ẹnu ara mi ni mo fi ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́, nítorí náà ẹnu ara mi náà ni yóò sọ ọ́. N kò kàwé. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó jókòó tì mí yìí ló ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ kó má bá mi tún un ṣe kó lè dùn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Lotto ni ilé wa wà, ní Mowe, lẹ́yìn títì márosẹ̀. Ọkọ mi ló ra ilẹ̀ náà nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Apá Ọ̀ṣun la ti wá. Yàrá méjì àti pálọ̀ kékeré kan la kọ́, a ò tíì rẹ́ ẹ tí ọkọ mi fi kú, títí di òní a ò rẹ́ ẹ. Nígbà tí ọmọbìnrin mi, ìyá àwọn ọmọ yìí, náà kú, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kó wọn wá. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èyí tó ń kọ̀wé yìí ń rá kòrò. Bàbá wọn fẹ́ ìyàwó míràn. A ò bá a jà.

Ògì ni mo ń tà. Mo máa ń rẹ àgbàdo, mo máa ń gbé e lọ sílé ẹ̀rọ, mo máa ń sẹ́ ẹ, ẹ̀gbọ́n yìí á sì bá mi gbé e káàkiri ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó ń jí lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́ ni oníbàárà mi, onígbàgbọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n fẹ́ràn ògì mi nítorí pé kì í kan, ọwọ́ mi sì mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn sọ́kàn.

Iṣẹ́ kejì wà tí mò ń ṣe tí n kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Mo ń wẹ òkú obìnrin. Láàárín àwa Mùsùlùmí, obìnrin ló ń wẹ obìnrin, a kò sì pọ̀ ní agbègbè wa nígbà yẹn. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́ tún wá kéré sí i. Wọ́n máa ń pè mí láti Ibafo, láti Asese, láti Arepo. Wọ́n ti pè mí dé Ifo rí. Ṣùgbọ́n ní Lotto tí mò ń gbé, ẹnì kankan kò mọ̀. Ta ni yóò mu ẹ̀kọ tó ti ọwọ́ tó ń wẹ òkú wá? Tí wọ́n bá ti pè mí, màá ká ìró mi sínú báàgì bí ẹni tó ń lọ kí ẹbí, màá sì sọ fún ará ilé kejì pé mo ń bọ̀.

Ọjọ́ ìwẹ̀ ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà bá iṣẹ́ yìí pàdé. N kò jẹ́ kí ẹlòmíràn wẹ ọmọ mi. Àwọn ìyá àgbà tó bá mi wẹ̀ ẹ́ ní kí ọmọdé jáde, ó sì jáde, ṣùgbọ́n kò lọ jìnnà. Ẹ̀yìn aṣọ tí a ta bo ibẹ̀ ló jókòó sí. Nígbà tí omi tán, kí n tó pe ẹnikẹ́ni, mo rí kẹ́tù onírọ́bà tí a fi ń ṣe àlùwàlá tó yọ lábẹ́ aṣọ náà, ó kún fún omi, ọwọ́ kékeré kan ló ń tì í. Kò sunkún. Ó kàn ń pọn omi, ó ń tì í sí wa. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń tẹ̀ lé mi, ẹ̀yìn aṣọ ló máa ń wà. Ìgbà tó di wúńdíá ni mo gbà á láyè kó wọlé wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń da omi. Àwọn mìíràn máa ń dà á bí ẹni ń fọ mọ́tò. Tirẹ̀ kì í dún. Á fi ọrùn ọwọ́ tọ́ omi náà wò bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ wẹ ọmọ tuntun, á gbé ẹnu kẹ́tù sún mọ́ ara òkú, apá ọ̀tún ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kejì á wà nísàlẹ̀ tí yóò máa gba omi náà kó má ṣàn pàràpàrà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ti ọwọ́ kejì yẹn. Nígbà tó yá, tí wọ́n bá wá pè mí, wọ́n á ní, "Ọmọ oníkẹ́tù yẹn ńkọ́? Ẹ mú un dání o."

Ó wà ní kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní ilé ìwé girama nígbà tí àgùnbánirọ̀ kan dé ilé ìwé wọn, ọmọbìnrin tín-ín-rín kan tó ń wo awò, ìṣirò ló ń kọ́ wọn. Ó rí i pé orí ọmọ náà jí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó wá bá mi nílé, mo ń sẹ́ ògì lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ."

"O ṣeun, ọmọ mi. Dìde, omi ògì á ba yẹ̀rì rẹ jẹ́."

Ó dìde, ó fìdí lé àpótí. Ó ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga kan wà lókè òkun tó máa ń gba ọmọ tálákà lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n á bọ́ ọ, tí wọ́n á fún un níbi tó máa sùn. Ó ní obìnrin kan wà ní Èkó tó ń ran irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láti kọ fọ́ọ̀mù, òun sì fẹ́ kí ọmọ mi gbìyànjú ẹ̀.

"Kí ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ wa?"

"Wọn ò gba nǹkan kan, Màmá. Máàkì rẹ̀ dára gan-an. Ohun tó kù ni pé wọ́n máa ń bèèrè pé tí ọmọ bá ti jáde ní kíláàsì, kí ló máa ń ṣe."

"Kí ló kàn wọ́n níbẹ̀? Ṣé wọ́n fẹ́ fi í ṣaya ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí awò fi yọ̀ lójú rẹ̀. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn nìyẹn. Tiwa níbí, tó o bá ti yege, o ti yege. Tiwọn, wọ́n fẹ́ mọ irú èèyàn tó o jẹ́. Ẹlòmíràn ń kọrin, ẹlòmíràn ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹlòmíràn wà nínú ẹgbẹ́ àríyànjiyàn. Tiẹ̀ ńkọ́, Màmá? Kí lòun máa ń ṣe?"

Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé omi wá fún àlejò. Mo rí i pé ó ń wò mí.

Mo ní, "Kò sí nǹkan tó ń ṣe. Tó bá ti jáde, ilé ló ń bọ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni."

Mo rò pé mo yìn ín ni. Lójú tiwa, ọmọ tí kì í rìn gbéregbère ni ọmọ gidi. Àgùnbánirọ̀ náà kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan, ojú rẹ̀ kò dùn. Ọmọ náà kúnlẹ̀ fún un ní omi, ó sì padà wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, a ń ru àgbàdo rírẹ lọ sílé ẹ̀rọ, ó wà níwájú, mo wà lẹ́yìn. Ó ní, "Màmá, mo fẹ́ kọ ti omi."

Ti omi ló máa ń pe iṣẹ́ náà. Kò pè é ní òkú rí.

"Kọ ọ́ síbo?"

"Sínú fọ́ọ̀mù. Olùkọ́ ní kí n kọ ohun tí mò ń ṣe. Ohun tí mò ń ṣe nìyẹn."

Mo sọ igbá mi kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "Ṣé ara rẹ dá? Ohun tí ojú bá rí níbi ìwẹ̀, ibo ni ẹnu ń fi í sí?"

"Ibẹ̀ náà ni."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan, Màmá. Mi ò ní sọ bí ara ẹnì kankan ṣe rí. Bí mo ṣe ń da omi nìkan ni."

"Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé ara ta lo dà á sí ńkọ́?"

Ó sọ tirẹ̀ náà kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àwọn ará Lotto ò sí lókè òkun o, Màmá."

Ọmọ náà gbọ́n. Ó ti mọ ìdí kejì tí mi ò sọ. Inú bí mi pé ó mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Ìwé máa ń rìn ju èèyàn lọ. Gbé àgbàdo rẹ, jẹ́ ká máa lọ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa iṣẹ́ fún un bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Olùkọ́ yẹn kọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tó wà nílé ìwé wọn sórí pépà, ọmọ náà ń kà á fún mi lórí ẹní ní ọjọ́ Àìkú kan. Ẹgbẹ́ akọrin: mo ní ọmọ tó ń kírun kò lè máa kọ orin ìjọ. Ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé: mo ní kí ló fẹ́ fi ojú ọmọ mi hàn fún níwájú èrò. Eré sísá: òun fúnra rẹ̀ ló ní wọ́n ti lé òun kúrò níbẹ̀ ní kíláàsì kejì, nítorí pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ṣubú, òun sì dúró gbé e dìde.

"Èwo ló kù?"

"Àríyànjiyàn."

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n máa ń sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín, ẹ̀yin á sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan á sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sọ ló máa gba ẹ̀bùn."

"Tó bá jẹ́ irọ́ ni wọ́n ní kó o sọ ńkọ́?"

"Ẹ máa sọ ọ́ náà ni, Màmá."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìyẹn ló dára, iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn, ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ kì í jẹ̀bi. Mo sì mọ irú ọmọ tí mo ní o. Ọmọ tó jẹ́ pé tó bá ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ́nu, méjì ni yóò gbé mì. Mo dì í mú bí ẹni fẹ́ rọ àgbo fún ọmọ, mo sì rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń kóra jọ, ọjọ́ Àbámẹ́ta náà ni ọmọ náà sì sábà máa ń ráyè bá mi lọ wẹ̀. Mo ní kó má tẹ̀ lé mi mọ́ títí fọ́ọ̀mù yóò fi parí. Àwọn ìyá àgbà ń bèèrè rẹ̀, mo ń sọ fún wọn pé ó ń ṣe ìdánwò.

Ẹ̀yìn ilé ló ti máa ń há ọ̀rọ̀ náà sórí, á kọjú sí àwọn bàsíà àgbàdo mi, á máa sọ̀rọ̀ Òyìnbó sí wọn. N kò gbọ́ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohùn yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Ó máa ń ga sókè níbi tí kò yẹ, bí ohùn ẹni tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún.

Ní Ibafo, obìnrin àgbàlagbà kan wà tó ń ta àgbàdo fún wa. Ó sanra, ó lẹ́nu, ó fẹ́ràn ọmọ náà. Òun nìkan nínú àwọn tí a jọ ń ṣòwò ló mọ̀ nípa kẹ́tù, nítorí pé àwa la wẹ orogún rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá lọ ra àgbàdo ló máa ń bú ọmọ náà.

"Ìwọ ọmọ oníkẹ́tù, wá síbí. Tí mo bá kú, ìwọ ni kó o da omi sí mi. Má jẹ́ kí àwọn arúgbó yìí fi omi tútù pa mí lẹ́ẹ̀kejì."

"Ẹ ò ní kú, Ìyá."

"Irọ́ lò ń pa. Gbogbo wa la máa kú, ìwọ náà máa kú. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ o. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Èmi á máa rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà á tún bu àgbàdo lé tiwa, á ní ìyẹn ni owó omi tí òun san sílẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan báyìí, àwọn ilé ìwé fẹ́ lọ ṣe ìdíje àríyànjiyàn ní Ifo. Mo ti lọ aṣọ ọmọ náà, mo ti ra ìbọ̀sẹ̀ tuntun. Ó ń fi ìpara pa ẹsẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Ọmọ obìnrin alágbàdo ni. Ìyá rẹ̀ dákẹ́ ní ìdájí, wọ́n sì fẹ́ sin ín lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, nítorí pé àwa kì í jẹ́ kí òkú sùn sílé.

Ọmọ náà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ohùn inú fóònù yẹn ga. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ìbọ̀sẹ̀.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mo fẹ́ tẹ̀ lé yín. Mo ti ṣèlérí fún un."

"Ìlérí àwàdà nìyẹn. Gbogbo wa la jọ ń rẹ́rìn-ín."

"Èmi ò rẹ́rìn-ín, Màmá."

Òótọ́ ni, kò rẹ́rìn-ín rí. Mo dúró, mo ń wò ó. Mo ronú kan ibùsùn lọ́fẹ̀ẹ́, mo ronú kan oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, mo ronú kan ìyá rẹ̀ tó kú sí mi lọ́wọ́ láìní ìwé kankan. Mo ní, "Òkú ò ní mú ẹ dé òkè òkun. Wọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ."

Ó wọ̀ ọ́. Olùkọ́ rẹ̀ ń dúró dè é létí títì. Wọ́n ní ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n wọ̀ kí wọ́n tó dé Ifo.

Ní Ibafo, obìnrin mìíràn ló gbé kẹ́tù. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lanlọ́ọ̀dù rẹ̀ ló ń sọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, omi sì ń ta sí ògiri. Mo fọwọ́ kan omi náà. Ó tutù bí omi kànga. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó gbé e padà lọ sórí iná.

Ó ní, "Ìyá, ọ̀sán ti ń pọ́n, àwọn ọkùnrin ń dúró. Ṣé yóò mọ̀ ni?"

Mo bá a fi omi tútù náà wẹ̀ ẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé láti Ifo. Olùkọ́ sọ fún mi pé wọ́n ṣe ipò kẹta, ó ní ọmọ náà kò gbàgbé ọ̀rọ̀ kankan nínú ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ó ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ń sọ̀rọ̀, ó fi hàn mí lára ẹ̀rọ. Ọmọ náà dúró lẹ́yìn tábìlì kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì náà mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí kan tó ń dán.

Nígbà tí olùkọ́ lọ tán, ó bi mí léèrè, "Màmá, ṣé omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́?"

Mo ní, "Ó lọ́ dáadáa."

Ó wò mí. Ó fi ìwé ẹ̀rí náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó lọ sẹ́yìn ilé lọ fọ asẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, èmi ni mo ní màá bá wọn lọ. Mo fẹ́ fi ojú mi rí i. Ilé kọ̀ǹpútà kan ní Ibafo ni, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀, àga pọ̀ níbẹ̀ bíi ti ilé onígbàjámọ̀. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀ ní, "Màmá, ẹ má fẹsẹ̀ kan wáyà yẹn o, gbogbo wa la máa kú síbí." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Nígbà tí mo gbójú sókè, ta ni mo rí lórí àga kejì sí wa? Obìnrin kan láti òpópónà wa ní Lotto, tó ń ra ògì lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó kí mi, mo kí i.

Olùkọ́ dé ibi kan nínú fọ́ọ̀mù náà, ó dúró. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní wọ́n ní kí ọmọ náà sọ ohun kan ṣoṣo tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò mọ irú ẹni tó jẹ́. Ó ní ọmọ náà ti kọ ti àríyànjiyàn síbẹ̀. Ó ka díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ara rẹ̀, ó fún ẹnu pọ̀.

"Ó dára," ló wí, "ṣùgbọ́n ó gbẹ. Ṣé kò sí òmíràn rárá? Ohun kékeré náà ni o. Ohun tó ń ṣe nílé, ohun tó ń ṣe fún èèyàn."

Ọmọ náà kò wo olùkọ́. Èmi ló wò. Kò bẹ̀ mí, kò ṣẹ́jú, ó kàn yíjú sí mi ó sì ń dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ohun tó ń dúró dè kò ju kí n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni lọ.

Oníbàárà mi ń tẹ nǹkan tirẹ̀ lórí àga kejì. Etí rẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ wa.

Mo ní, "Kò sí. Kò sí nǹkan míràn tó ń ṣe."

Olùkọ́ tẹ ohun tó ń tẹ̀. Ó ní ó ti lọ. Bí ó ṣe máa ń lọ náà nìyẹn, ẹ ò ní gbọ́ ìró, ẹ ò ní rí ẹni tó gbé e.

Oṣù mélòó kan kọjá. Olùkọ́ yẹn ti sin ìjọba tán, ó ti padà sí Èkó, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló gbé èsì wá. Kò tíì jókòó tí mo ti mọ̀. Ó ní wọ́n kọ̀wé pé àwọn ọmọ tó dára pọ̀, àyè ò tó. Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó ní òun fẹ́ lọ gbé ògì fún ẹnì kan, ó jáde.

Mo bi olùkọ́ pé kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an. Kò fẹ́ sọ. Nígbà tí mo yọ ọ́ lẹ́nu, ó ní obìnrin tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ní Èkó ló sọ pé kò sí ọmọ tí kò kọ ti àríyànjiyàn, pé máàkì ọmọ yìí dára ṣùgbọ́n èèyàn kò rí i nínú ohun tó kọ.

"Kí ni ì bá kọ?"

"Ohunkóhun tó bá ti jẹ́ tirẹ̀, Màmá."

Mo wá sọ fún un. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, kẹ́tù, ẹ̀yìn aṣọ, ọwọ́ kejì tó ń gba omi. Ó ti ń gbọ́ ọ bọ̀ kó tó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún, ó ń nù ún.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án."

Ó fi awò náà padà sójú. Ó wá ní, "Màmá, ẹ̀gbẹ́ mi lẹ jókòó sí lọ́jọ́ fọ́ọ̀mù yẹn." Bóyá wọn ì bá gbà á tó bá kọ ọ́, bóyá wọn ò ní gbà á, n kò mọ̀, olùkọ́ náà kò sì sọ pé òun mọ̀. Ó ní ọmọ náà lè tún un kọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ náà ní òun ò kọ nǹkan kan mọ́.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àlùfáà wa ní Asese. Mo fẹ́ kó sọ fún mi pé ohun tó yẹ ni mo ṣe. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ìyá, àbùkù ara òkú ni wọ́n ní ká bò. Wọn ò ní ká bo iṣẹ́ náà. Láádá ńlá ló wà nínú iṣẹ́ yẹn lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ta ló ní kẹ́ ẹ fi í pa mọ́?" Mo wo ilẹ̀. Mi ò lè sọ pé ògì ni.

Ògì náà ńkọ́? Kò pẹ́ sígbà yẹn, ìyá arúgbó kan kú ní Lotto gan-an, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè wẹ̀ ẹ́. Mo lọ. Gbogbo òpópónà rí mi. Àwọn kan ò ra ògì lọ́wọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, obìnrin tó jókòó tì wá nílé kọ̀ǹpútà rán ọmọ rẹ̀ wá pẹ̀lú abọ́, ó ní ògì tí òun ń rà níbòmíràn ń kan. Ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ohun tí mo torí rẹ̀ pa ọmọ mi lẹ́nu mọ́ kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Ọjọ́ ìwẹ̀ ìyá arúgbó yẹn, mo pe ọmọ náà. Mo ní, "Dìde, gbé kẹ́tù, ọ̀dọ̀ wa níbí ni."

Ó ń sẹ́ ògì. Kò dáwọ́ dúró. Ó ní, "Màmá, mi ò lọ."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ti sọ fún wọn pé kò sí nǹkan tí mò ń ṣe."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá sàn kó fi ìbínú sọ ọ́, mi ì bá gbá a létí, ì bá tán síbẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta àgbàdo. Mo gbé kẹ́tù náà fúnra mi. Láti ọjọ́ yẹn kò fọwọ́ kàn án mọ́.

Ó lọ sí Ifo lẹ́yìn náà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ibẹ̀ ló ti lọ́kọ. Ó ń tọ́jú mi, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó máa ń fi owó ránṣẹ́, ó máa ń pè mí. Orúnkún mi ti kọ iṣẹ́ náà báyìí. Kẹ́tù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹni tó ń kọ̀wé yìí ti bi mí bóyá kí òun kọ́ ọ, mo ní kó parí ohun tó ń kọ ná.

Iléyá tó kọjá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ wá kí mi. Ọmọ kékeré náà lọ fẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ìyá rẹ̀ gbé e jókòó sórí àpótí mi, ó bu omi gbígbóná, ó fi tútù là á, ó fi ọrùn ọwọ́ tọ́ ọ wò. Mo jókòó tì wọ́n.

Mo ní, "Tí mo bá lọ, ta ni yóò da omi sí mi?"

"Àwọn ìyá wà ní Asese, Màmá."

"Àwọn yẹn máa ń dà á bí ẹni ń fọ mọ́tò."

Ó gbé ife sún mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kejì wà nísàlẹ̀ tó ń gba omi. Mo tẹ́tí sílẹ̀. Omi náà kò dún. Nígbà tó ṣe tán, ó nu ẹsẹ̀ ọmọ, ó da omi ẹrẹ̀ nù sídìí ògiri, ó ní àwọn fẹ́ tètè máa lọ kí ọkọ̀ Ifo tó wọ́n.